Yàrá Méjì ní Ilé Àlejò Ìsálú-Àpáta

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Agboolé Agboọlá,
Ìsàlẹ̀ Èkó,
Èkó.

Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kìíní, Ọdún 1957.

Akọ̀wé,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé Àlejò,
Ìsálú-Àpáta,
Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Ẹ̀DÙN ỌKÀN LÓRÍ YÀRÁ TÍ A TỌRỌ LÁTI LÈ RÌN NÍNÚ ÀFONÍFOJÌ ÌSÁLÚ-ÀPÁTA

Orúkọ mi ni Morufat Àbẹ̀kẹ́ Agboọlá. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Mọ̀núrù Agboọlá, tí wọ́n ti ń rán fìlà ní Ìdúmàgbò láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Nígbà èwe wọn, kí wọ́n tó kọ́ṣẹ́ fìlà, wọ́n bá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ru ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ kiri ilẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àfonífojì yín. Kò sí ọmọ tó dàgbà nínú ilé wa tí kò mọ ìtàn rẹ̀: àpáta méjì tó ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta lọ, tí odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan là láàárín, tí ènìyàn á máa ti orí òkúta bọ́ sórí òkúta fún ààbọ̀ ọjọ́, títí yóò fi yọ síbi tí oòrùn ti tàn wọlé lójijì. Wọ́n máa ń sọ pé ní gbogbo ọjọ́ ayé àwọn, ibẹ̀ nìkan ni àwọn ti dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí àwọn dákẹ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1955, dókítà sọ fún wa pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ, pé kò sí oògùn tó lè dá a padà, àti pé bí ọdún kan bá fi yí po, bóyá ni wọn yóò fi lè dá ènìyàn mọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Morufat, bá mi kọ̀wé sí Ìsálú-Àpáta. Mo fẹ́ fi ibẹ̀ han Ganiat kí ojú mi tó ṣú." Ganiat ni ìyàwó wọn. Kò kọjá Ìbàdàn rí.

A kì í wọ àfonífojì náà bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí odò a máa gba gbogbo ọ̀nà. Ẹni tó bá sì fẹ́ là á já gbọ́dọ̀ gbéra ní ìdájí. Kò lè ti ọ̀nà jíjìn wá lọ́jọ́ náà. Ilé àlejò yín ló sún mọ́ ẹnu rẹ̀ jù lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ni mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́. Mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́ padà. Ẹ ní ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn, ẹ sì fi òmíràn ránṣẹ́. Èyí béèrè orúkọ ọ̀gá ibi iṣẹ́; ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀gá ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì kọ ọ́. Ẹ tún ní kí n wá onígbọ̀wọ́. Lèmọ́mù àdúgbò wa bá wa fọwọ́ sí i. Nígbà tí oṣù kìíní ń parí lọ, ẹ fún wa ní yàrá méjì láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì. A ti di ẹrù tán nígbà tí wáyà yín dé pé ọ̀gá ìjọba kan ń bọ̀, àti pé ẹ ti sún tiwa di ogúnjọ́ oṣù kẹta. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò dúró de fọ́ọ̀mù. Ní àkókò yẹn, wọ́n ti ń fi ìka wá ihò abẹ́rẹ́.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀gbọ́n mi, Ganiat àti èmi, dé ọ̀dọ̀ yín lọ́sàn-án ogúnjọ́ náà. Olùtọ́jú ilé, Ọ̀gbẹ́ni Àbúdù, ṣí ìwé àlejò, kò bá orúkọ wa níbẹ̀. Mo mú lẹ́tà àti wáyà yín jáde. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Ó ní òun rí i pé òótọ́ la sọ, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú ìwé ni wọ́n ní kí òun tẹ̀ lé, àti pé bí òun bá ṣí yàrá láìgbàṣẹ, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé náà. Àlejò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ọ̀gbẹ́ni Àbúdù ní, "Ẹ má bínú. Ìyá mi ń gbé nísàlẹ̀ ọ̀nà yìí. Ọ̀dọ̀ wọn ni àlejò máa ń wọ̀ sí kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí. Ẹ lọ sùn sọ́dọ̀ wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó mú ẹni tó mọ̀nà wá fún yín." Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde, wọ́n ti gbé àpò wọn kọ́ èjìká. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní láti oṣù kọkànlá la ti ń kọ̀wé, a kò ní tìtorí àìṣedéédéé ẹlòmíràn lọ máa sùn lórí ẹní. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Morufat, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ni mo bá wá." N kò gbọ́. A sun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àlejò yín, nítorí pé mo ní ìwé lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró dè mí, mo wọ lọ́rì lọ sí ọ́fíìsì yín, ìrìn wákàtí méjì. Akọ̀wé kan ní kí n jókòó. Mo jókòó títí wọ́n fi kí ìrun Àsàrì. Nígbẹ̀yìn, ó rí orúkọ wa ní ojú ewé oṣù kejì. Kò sẹ́ni tó rántí gbé e sí ti oṣù kẹta. Ó tọrọ àforíjì, ó kọ ìwé àṣẹ fún mi, inú mi sì dùn bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Ganiat ló wá sọ fún mi pé ojú ọ̀run mọ́ kedere ní gbogbo ọjọ́ náà, àti pé ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí àpáta láti òwúrọ̀, tí wọ́n ń bi òun léraléra bóyá oòrùn ti dé ibẹ̀.

Wọ́n ṣí yàrá méjì fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn yàrá náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ yín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òjò àkọ́rọ̀ ọdún dé. Láti orí bẹ́ẹ̀dì wa la ti ń gbọ́ ariwo odò. Jímọ̀, ọdẹ tí Ọ̀gbẹ́ni Àbúdù bá wa wá láti mú wa wọ àfonífojì, ní ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní jáde. A dúró fún ọjọ́ méjì sí i, òjò kò dáwọ́ dúró. Ganiat di ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú lọ sí ẹnu àfonífojì, wọ́n wo omi pupa tó ń ru gùdù jáde, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Wọn kò bá mi wí nínú ọkọ̀. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bá mi wí.

A ní a ó padà wá bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Oṣù kẹsàn-án kò tíì parí tí ojú ẹ̀gbọ́n mi kò fi rí ohunkóhun mọ́ àfi ìmọ́lẹ̀ oòrùn gangan. Ọ̀gbẹ́ni Àbúdù kọ̀wé sí wa pé ilẹ̀kùn ìyá òun ṣí sílẹ̀. Èmi àti Ganiat bẹ̀ wọ́n pé ká jọ lọ, kí wọ́n kàn tẹ orí òkúta náà. Wọ́n ní, "Ojú ni mo fẹ́ fi rí i. Ti ẹsẹ̀, ọ̀nà Ìdúmàgbò tó mi í rìn."

Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò tọrọ owó ìtanràn. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, pàápàá Ọ̀gbẹ́ni Àbúdù, ẹni tó ṣe wá lóore tí mo kọ̀ ọ́. Mo mọ ìwọ̀n ẹ̀bi tèmi. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí fọ́ọ̀mù jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá sún ọjọ́ àlejò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sún orúkọ rẹ̀ nínú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹ sì máa kọ orúkọ àwọn ará ìlú tó ń gba àlejò sínú lẹ́tà tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ká ní mo ti kà á nínú ìwé yín pé ilé àlejò ni ilé ìyá Àbúdù náà, bóyá n kì bá tí kà á sí ìwọ̀sí.

Lẹ́tà yín tuntun dé ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ẹ ní ẹ ti fi yàrá méjì pamọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni M. Agboọlá àti ẹni méjì láti ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, láti fi tù wá nínú nítorí àṣìṣe ọdún tó kọjá, kí a kàn fọwọ́ sí ìwé kí a dá a padà. Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi ní iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, níbi tí Ganiat ti ń ránṣọ báyìí tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ yẹ ojú ìránṣọ rẹ̀ wò. Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìwé náà wà nínú àpòòwé yìí. A kò fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ẹlòmíràn ní yàrá náà, ẹni tó ti ń kọ̀wé bọ̀ tipẹ́, kí ẹ má sì sún ọjọ́ tirẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ìtẹríba,
Morufat Àbẹ̀kẹ́ Agboọlá,
Olùkọ́.