Díárì Ọ̀sẹ̀ Tí Ẹ Kò Buwọ́ Lù Mọ́

Bàbá mi àtàtà,

Ìwé náà ti jáde. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, kí n tó máa rojọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, bí a ṣe jáde níléèwé, mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Adébáyọ̀ l'Adó, mo sì bá páálí méjì nílẹ̀ tí wọ́n fi okùn dì. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi bíléèdì gé okùn, ó fa ẹ̀dà kan yọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Orúkọ mi wà níwájú rẹ̀, orúkọ yín sì tẹ̀ lé e. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé inú mi á dùn lọ́jọ́ náà. Ńṣe ni mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn tí mo bú sẹ́kún. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà.

"Àbí a ṣi nǹkan tẹ̀ ni, mà?"

Mo ní rárá, ó dára. Ó dára gan-an.

Ẹ rántí bí díárì yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀? Lọ́jọ́ tí mo sọ fún yín pé mo fẹ́ kọ ìtàn àròsọ, ẹ ò fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ ò sì yìn mí. Ẹ kàn bi mí pé ojú ìwé mélòó ni mo lè kọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní mi ò mọ̀. Ẹ ní ẹni tí kò mọ iye ebè tó lè kọ lójúmọ́, kó má pe ara rẹ̀ ní àgbẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ mú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan jáde, ẹ fi rúlà fa ìlà sí i: ọ̀sẹ̀, ohun tí mo pinnu, ohun tí mo ṣe, ohun tó dí mi lọ́wọ́. Ìlà tó kẹ́yìn, ti ọ̀gá iléèwé ni. Bí ẹ ṣe máa ń buwọ́ lu díárì àwọn tíṣà yín lọ́jọọjọ́ Ẹtì ní gbogbo ọdún tí ẹ fi jẹ́ ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa buwọ́ lu tèmi lọ́jọọjọ́ Sátidé.

Nígbà yẹn ojú yín ṣì ń ríran. Ẹ ó gba ohun tí mo kọ, ẹ ó fi bírò pupa tọ́ ọ sọ́nà, ẹ ó fi àmì ohùn sí gbogbo ibi tí mo ti fò ó. Ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ẹ sọ pé ó dà bí ọmọ tó jáde síta láìwọ ṣòkòtò.

Lẹ́yìn náà ni ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹ ò fi mọ ojúmọ́ yàtọ̀ sí alẹ́. Mo wá ń kà á sókè fún yín. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀kadà mi nísàlẹ̀ òkè ní Ìyìn, ẹ ó ké sí Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò yín tó wá ń gbé lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn ikú Mọ́mì, pé, "Tíṣà ti dé o." Màá bá yín lórí àga yín ní fàráńdà, kádígáàn tí ẹ fi bọ́tìnì dé ọrùn nínú oòrùn, áńkáṣífù lábẹ́ itan. Ẹ ó gbé orí ti ògiri. Bí mo bá ka gbólóhùn tí kò dára, ẹ ó kàn ṣe hùn-ùn, èmi náà á sì fi bírò sàmì síbẹ̀. Nígbà tí mo bá kà á tán, màá ki bírò bọ̀ yín lọ́wọ́, màá gbé ìka yín lé ojú ìlà, ẹ ó buwọ́ lù ú. Kò ní dúró lójú kan. Á gun ìlà òkè bí ewúrẹ́ tó ń gun ògiri.

Ẹ mọ ibi tí ìtàn náà dé. Abẹ́ní, tíṣà nílùú kékeré kan. Ọkọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ sí Gánà nígbà tí oyún ọmọ wọn ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì kọ lẹ́tà kankan wálé fún ọdún méjìdínlógún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ẹni náà wúkọ́. Abẹ́ní mọ ikọ́ náà. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mi ò mọ ohun tí obìnrin náà máa ṣe.

Kì í ṣe Abẹ́ní nìkan ló dá mi dúró, Bàbá. Àwọn tó ń tẹ̀wé n'Ìbàdàn tí mo fi ìtàn ránṣẹ́ sí ò dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní màá dá a ṣe fúnra mi. Mò ń gbé orí kọ̀ọ̀kan sórí Wọ́sáàpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ àwọn tó ń kà á ń kí mi, wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ó ku ènìyàn méjì. Nígbà tó tún yá, kò sẹ́nikẹ́ni. Nínú díárì mo kọ pé ìdánwò àwọn ọmọ ló dí mi lọ́wọ́. Mo kọ pé ara mi ò yá. Irọ́ ni. Ọkàn mi ló ti kúrò níbẹ̀.

Mi ò sì lè sọ fún yín. Ẹ ti sọ fún gbogbo àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ yín ń parí ìwé. Ní Sátidé kan mo kọ méje sí ojú ìlà ohun tí mo ṣe. Mi ò kọ ojú ìwé kan ṣoṣo. Mo ka iye náà sí yín létí, mo ní mo fẹ́ tún ohun tí mo kọ ṣe kí n tó kà á fún yín, mo gbé ìka yín síbẹ̀. Ẹ buwọ́ lù ú. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo kọ mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́fà. Ẹ buwọ́ lu gbogbo rẹ̀.

Ní Sátidé kẹrin, mo bá ẹsẹ̀ yín tó wú, ohùn yín sì ti rẹlẹ̀. Ẹ ò tiẹ̀ bèèrè díárì.

"Kà á fún mi lónìí. Ṣé Abẹ́ní ṣílẹ̀kùn ni àbí kò ṣí i?"

"Kò tíì dán, sà."

"Kà á bẹ́ẹ̀."

Mo fa ìwé kan yọ nínú báàgì. Mo ṣí i. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀, Bàbá. Ojú ìwé funfun ni. Mo wò ó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Mi ò mọ ibi tó ti wá. Abẹ́ní ṣílẹ̀kùn. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọkùnrin náà, ẹ sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tó fi jẹ́ pé kádígáàn yín ń mì, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú. Lẹ́yìn náà ẹ wá áńkáṣífù, ẹ fi nu ojú. Mò ń sọ ọ́ lọ títí oòrùn fi kúrò ní fàráńdà. Nígbà tí mo dákẹ́, ẹ yíjú sí mi.

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí, sà."

"O ṣeun. Gbé bírò wá."

Mo ní bí mo bá dé Adó, màá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo délé, mo bá ìwé ìdánwò tí mo gbọ́dọ̀ máàkì. Mo ní ó di ọ̀la lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀la di Ọjọ́ Ajé. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán ò tíì pọ́n tí Àǹtí Dúpẹ́ fi pè mí. Mo wà níwájú kíláàsì. Ẹkún wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Nígbà tí a fi máa sin yín tán, ìtàn náà ti lọ. Mo wá a. Ohun tí mo rántí ò ju pé ilẹ̀kùn ṣí, pé ẹ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ti parẹ́ nínú orí mi bí ìgbà tí wọ́n fi omi nu síléètì. Mò ń fa ìlà díárì fúnra mi, ó ń wọ́. Ọ̀sẹ̀ dé, mo kọ ọ́: mò ń wá ọ̀rọ̀ Abẹ́ní, mi ò rí i. Ọ̀sẹ̀ mìíràn dé, mo tún kọ ohun kan náà. Ojú ìlà yín ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oṣù mẹ́jọ, Bàbá.

Nígbà òjò, mo lọ bá Àǹtí Dúpẹ́ ní Ìyìn. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo.

"Àǹtí, ẹ wà nílé lọ́jọ́ tí mo ka ìparí ìtàn yẹn fún Bàbá. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ fún ọkọ rẹ̀?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, níbi tí mo ti ń dáná. Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo gbọ́." Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹ̀wà. "Ó sọ nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ náà. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ti lọ báyìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ sọ ọ́."

"Bí o ṣe lọ tán, ó pè mí. Ó ní, 'Dúpẹ́, kò sí nǹkan kan nínú ùwé yẹn.' Mo ní báwo lo ṣe mọ̀. Ó ní òun ò gbọ́ kí o yí ojú ùwé padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ọmọ tó ń kàwé àti ọmọ tó ń sọ ti inú rẹ̀, ohùn wọn ò jọra, pé ṣé òun ò pẹ́ tó ní kíláàsì ni."

"Ṣé inú bí wọn?"

"Inú kẹ̀? Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, 'Kò mọ̀ pé òun lè ṣe é.'"

Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́yìn ilé. Inú ló kọ́kọ́ bí mi, kí n má purọ́ fún yín mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbójú fo àmì ohùn kan ṣoṣo, kí ló dé tí ẹ fi gbójú fo ìyẹn? Bí ẹ bá ti sọ pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó dìde lórí àga, bóyá ǹ bá má ti pàdánù rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé Sátidé mìíràn ṣì ń bọ̀ ni? Àti méje, àti mẹ́sàn-án, àti mẹ́fà ńkọ́? Nígbà tí mo gbé ìka yín lé irọ́, ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ gbà mí gbọ́ ni, àbí ẹ ti dárí jì mí kí n tó lanu? Mi ò rí ẹni bi.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, mo kọ "òfo" sínú díárì. Òótọ́ sì ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jáwọ́ nínú wíwá a, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òmíràn. Ojú ìwé méjì péré ni lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà márùn-ún. Àárọ̀ ni mò ń kọ ọ́ ní yàrá àwọn tíṣà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó dé, kí aago tó lù. Fífi àmì ohùn sí i gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo gbìyànjú kí n má fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ níhòòhò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin ì bá rí èyí tó ṣẹ́kù.

Nínú èyí tí mo kọ, Abẹ́ní ṣílẹ̀kùn, kò sì sọ̀rọ̀. Ó bu omi fún ọkùnrin náà, ó dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń mu ún. Ọmọ wọn ló ti ẹ̀yìnkùlé wọlé tó ń bèèrè pé ta nìyí. Bó ṣe parí nìyẹn.

Àná ni mo gbé ẹ̀dà tiwọn lọ fún Àǹtí Dúpẹ́. A jókòó sí fàráńdà, a fi àga yín sílẹ̀ láàárín wa. Mo ka ìparí rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dijú, mo rò pé wọ́n ti sùn.

"Ìyẹn kọ́ lo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ ní ẹ ò gbọ́ ọ, Àǹtí."

"N ò gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ni mo gbọ́. Kò sí ẹ̀rín nínú èyí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tún dá a padà fún mi.

"Ṣùgbọ́n tún un kà."

Mo tún un kà, láti ibi tí ọkùnrin náà ti wúkọ́. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò dijú.

Bàbá, èyí tó ní ẹ̀rín nínú, ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ. Ẹ mú un lọ. Èmi tí mo sọ ọ́ ni mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Kí ni Abẹ́ní sọ?

Èmi ni, ọmọ yín, tíṣà yín, tí àárò yín ò jẹ́ kó gbádùn Sátidé mọ́.