Omi Ọṣẹ Tí Mo Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Má Dà Nù

Èmi, Murielle Àbẹ̀kẹ́ Ọdúnlámì, ọmọ bíbí Ṣábẹ̀ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì ní ìlú Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, iyè mi sì ṣí. Òróòro mi nìkan ni kò pé, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ ti kún inú rẹ̀, wọn yóò sì yọ ọ́ kúrò lọ́la. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ náà kò ju nǹkan kékeré lọ. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ẹni tí wọn kò ní là níkùn ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti pín ohun tí mo ní.

Ẹ̀yin àjogún mi, ẹ kò pọ̀, ẹrù náà kò sì pọ̀, nítorí náà kò yẹ kí ìjà wáyé. Mo yan àbúrò mi, Arnaud, láti mú ìfẹ́ mi ṣẹ. Kò lè kọ̀ fún mi, nítorí ẹ̀yìn mi ni ó dàgbà sí.

Ẹsẹ̀ kìn-ín-ní: Ara mi. Kí Arnaud gbé mi lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, kí wọ́n sin mí sí ẹ̀gbẹ́ ìyá wa. Kí ẹnikẹ́ni má sọ níbi ìsìnkú pé mo jẹ́ ẹni tí ń bá gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Gbogbo òkú ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ní tèmi, àwọn tí ó bá wà níbẹ̀ yóò wo ara wọn lójú.

Ẹsẹ̀ kejì: Ilé. N kò ní ilé. Yàrá kan ni mo háyà ní agboolé Màmá Marguerite, tí ń se ọṣẹ dúdú tà. Ibùsùn mi àti àwọ̀n ẹ̀fọn mi, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Lábọ̀dé, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ó ń bá àbúrò tí ń tọ̀ sílé sùn lórí ẹní kan. Ògiri yàrá náà, mo fi í sílẹ̀ fún ọmọnílé tí ń rìn lára rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, kò sì béèrè lọ́wọ́ mi rí pé ìgbà wo ni mo ń lọ.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa agboolé yìí. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo bá Màmá Marguerite nídìí ìkòkò ọṣẹ. Mo kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi nílé, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Kò dáhùn. Ó ń ro ọṣẹ rẹ̀ lọ, ó ń wo inú ìkòkò bí ẹni pé ibẹ̀ ni ohùn náà ti wá. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo sì pinnu pé bí àwọn ará Kétu ti rí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ẹnikẹ́ni kò kí mi. Bí mo bá jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ìgò omi ọṣẹ tí mo pò fún iṣẹ́ mi, àwọn ọmọdé a dákẹ́, àwọn obìnrin a yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi náà a pa ẹnu mi dé. Mo rò pé wọ́n kórìíra mi, mo sì kórìíra wọn padà pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó yẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òróòro yìí gbé mi ṣubú lágbàlá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé dókítà ti ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo agboolé ya wọ yàrá mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé nínú ìdílé wọn, a kì í kí ẹni tí ń ro ọṣẹ, òun náà kì í sì í dáhùn; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọṣẹ náà kò ní dì. Wọ́n ti gbọ́ pé ọṣẹ ni mo ń rò ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ti rí i pé n kì í la ẹnu. Wọ́n ní ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ yìí mọ èèwọ̀ iṣẹ́ ju àwọn ọmọ tiwọn lọ. Màmá tilẹ̀ ti na Lábọ̀dé nígbà kan nítorí pé ó fẹ́ sọ fún mi pé Tantí, ẹ káàárọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún mi, tí mo fi ń sunkún sórí ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ náà wọ́n kí mi kú àárọ̀, kú ọ̀sán, kú ọdún, kú òjò, kú ọ̀gbẹlẹ̀, títí ìrora òróòro fi di ìsinmi lójú mi. Màmá jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó bi mí bóyá ọṣẹ mi ti dì. Mo ní tèmi kò gbọdọ̀ dì. Ó wò mí bí ẹni tí ń wo ọmọ tí wọ́n fi owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣòfò.

Ẹsẹ̀ kẹta: Irinṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ń ro nǹkan fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, n kò sì lè fi ohun olóhun tọrẹ. Ṣùgbọ́n irin òòfà kékeré tí ó ń yí nínú ìgò, èmi ni mo rà á. Mo fi í sílẹ̀ fún Fidèle, ọmọ abúlé Kpankou nítòsí Kétu, ẹlẹgbẹ́ mi ní lábò, yàrá tí a ti ń dán kẹ́míkà wò. Irin náà kì í sinmi, ẹnu Fidèle náà kì í sinmi. Wọn yóò mọwọ́ ara wọn.

Fidèle yìí ni ó pariwo nígbà tí mo ní mo fẹ́ ṣe kẹ́mísírì nínú omi. Ó ní, omi kẹ̀! Lórí òkè Kétu, níbi tí àwọn bàbá wa ti ń fi omi òjò pamọ́ bí ẹni fi wúrà pamọ́! Ó ní kí n kúkú wá kan ọkọ̀ ojú omi síbí. Gbogbo lábò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó dùn, ó sì burú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan nítorí pé ó yá mi ní ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀.

Ẹsẹ̀ kẹrin: Omi. Bídọ̀n ike funfun kan, irú èyí tí a fi ń pọnmi, wà lábẹ́ tábìlì mi ní lábò. Omi inú rẹ̀ ni gbogbo ọrọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ó jọ omi tí wọ́n fi fọ abọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fọ abọ́.

Àwọn èròjà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ oògùn kórìíra omi bí epo ti kórìíra rẹ̀. Nítorí náà inú kẹ́míkà kan tí ń rùn bí kpayo, epo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí ọ̀nà, ni lábò wa ti ń yọ́ wọn, tí iṣẹ́ bá sì parí, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ń dà á sí. Ẹ̀yìn ògiri náà kò jìnnà sí kànga. Ọṣẹ mọ ọ̀nà mìíràn. Èérún rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní orí àti ìrù: orí fẹ́ omi, ìrù fẹ́ epo. Bí a bá pò ó mọ́ omi, a kó ara rẹ̀ jọ, orí síta, ìrù sínú, a di agboolé róbótó tí ojú kò lè rí. Àwọn èròjà tí ó kórìíra omi a sá wọ ibẹ̀, wọ́n a pàdé, wọ́n a sì so pọ̀. Mo ń yọ ohun tí wọ́n bí, omi ọṣẹ a sì ṣẹ́kù fún iṣẹ́ mìíràn. Omi kan náà ni mo ń lò láti ìgbà ọyẹ́. Ní ìlú tí omi ìfọṣọ ti ń fọ ilẹ̀, tí omi ìfọ̀rẹsì ti ń di ti ewúrẹ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòroó gbọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rodolphe, olórí lábò wa, kì í sọ pé rárá sí ohunkóhun. Ó kàn máa ń fún un ní gbèdéke. Ó ní bí omi náà bá tún lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọjọ́ Jimọ̀ yìí tó parí, a ó fi kẹ́míkà olóòórùn sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò ra àgbá kẹ́míkà náà mìíràn. Mo sọ fún un pé Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò là mí. Ó ní òróòro kò sí nínú ètò ìnáwó. Òróòro yìí kan náà, iṣẹ́ ọṣẹ ni omi inú rẹ̀ ń ṣe nínú ara wa, òun ni ó ń po ọ̀rá mọ́ omi nínú ìfun. Ó kọṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, mo sì gbà pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Omi náà kò lè jẹ́ ti Arnaud, tí yóò fi fọ alùpùpù rẹ̀. Kò lè jẹ́ ti Màmá Marguerite, tí yóò gbé e kaná pẹ̀lú àánú títí yóò fi dì. Mo fi í sílẹ̀ fún Fidèle. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà, bí ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ gbà á. Kí ó fi ọṣẹ díẹ̀ kún un, kí ó jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì máa rò ó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. N kò tíì sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo kàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé aago mélòó ni ó lù. Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè é pé kí ó wá fọwọ́ sí ìwé yìí, nítorí ẹlẹ́rìí ń fọwọ́ sí i ni, kì í kà á.

Mo mọ̀ pé ìwé ìhágún kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá kú. Bí mo bá yè, orí ibùsùn ni ọjọ́ Jimọ̀ yóò ti kọjá lójú mi, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kan omi náà. Ikú mi nìkan ni ó lè gba iṣẹ́ mi là. Òfin ni ó sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́.

Ẹsẹ̀ karùn-ún: Ìjà. Mo dárí ji gbogbo ará Kétu fún ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò ṣẹ̀ mí.

Mo fọwọ́ sí i ní Kétu, Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ọdún 2024.

Murielle Àbẹ̀kẹ́ Ọdúnlámì

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Marguerite Ìdòwú, aṣeọṣẹ. Ìka ni ó tẹ̀. Ó ní kí a kọ ọ́ síbí pé nítorí ọ̀wọ̀ nìkan ni òun fi tẹ̀ka, òun kò gbà láti sin ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ẹlẹ́rìí kejì: Fidèle Fágbohùn, akẹ́kọ̀ọ́. Mo kà á. N kò gba ogún lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣì ń mí. Mo fẹ́ lọ gbé omi rẹ sórí ẹ̀rọ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n “díẹ̀” kì í ṣe ìwọ̀n. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Jáde wá sọ bí ọṣẹ náà ṣe pọ̀ tó fún mi, má sì béèrè aago.