Sípíkà Tẹ́ẹ́rẹ́ Ni Mo Mú

Elétí-ọfẹ, ọmọ mi,

Báwo ni ara rẹ? Báwo ni ọkọ rẹ, báwo sì ni wàhálà ṣọ́ọ̀bù? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí inú ọ̀gá rẹ máa dùn sí ọ, kí iná mànàmáná tí o ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ má ṣe fọwọ́ kàn ọ́. Àmín. Èmi náà wà níbí. Orúnkún ń dùn mí díẹ̀, ẹnu àbúrò mi tí a jọ ń gbé ilé sì ń dùn mí ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní kí n kí ọ, ó ní o ti sanra nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́.

Jókòó kí o tó ka èyí tí ó kù. O ní awakọ̀ yín ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wá gbé sípíkà méjì nínú mẹ́rin tí ẹ kó wá fún mi láti dán wò. O sì sọ fún mi lórí fóònù pé kí n mú àwọn tí ó sanra, kí n dá àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ padà, pé àwọn tí ó sanra ni ó yẹ etí àgbàlagbà. Mi ò gbà. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́: àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo mú. Kí awakọ̀ wá kó àwọn sísanra. Tí ó bá fọwọ́ kan àwọn tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó wá àyè fún èmi náà nínú ọkọ̀, nítorí a jọ ń lọ ni.

Má rò pé mo kàn na ìka sí ọ̀kan ṣáá. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, hẹdimásítà sì ni mí ní mọ́kànlá nínú rẹ̀, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ipò kìn-ín-ní rí láìṣe ìdánwò fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn dé, mo pe káfíńtà ilé kejì kí ó bá mi gbé wọn dìde. Ìṣó ẹlẹ́nu ṣóńṣó mẹ́rin mẹ́rin wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà ní bóyá inú oko ni wọ́n ń gbin irú sípíkà báyìí sí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́, a ti ń wo ẹ̀yìnkùlé lọ kí n tó rí i nínú ìwé ìlò wọn pé abẹ́ ẹsẹ̀ sípíkà ni à ń fi ìṣó náà sí. Ìgbà tí a fi í sí i tán, wọ́n dúró lórí ṣóńṣó ìṣó, wọ́n ga dé àyà mi, àbúrò mi wò wọ́n títí, ó ní wọ́n jọ àwọn obìnrin tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀.

Ìwé ìlò tún sọ pé kí a jẹ́ kí wọ́n kọrin fún ọgọ́rùn-ún wákàtí kí a tó dá wọn lẹ́jọ́, kí ara wọn lè balẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí mi rárá. Ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ìwé máa ń sunkún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ṣí rẹ́jísítà fún wọn: Sanra Ọ̀tún, Sanra Òsì, Tẹ́ẹ́rẹ́ Ọ̀tún, Tẹ́ẹ́rẹ́ Òsì. Mo ń pè wọ́n láàárọ̀, mo ń pè wọ́n lọ́sàn-án, ọjọ́ tí iná bá lọ, mo kọ ọ́ pé gbogbo kíláàsì kò wá. Gbogbo wákàtí náà ni mo sì fi jókòó tì wọ́n, nítorí mi ò fi kíláàsì sílẹ̀ láìní tíṣà rí. Tí mo bá ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àbúrò mi ni ó ń bá mi dúró. Ó ní orí mi ti dàrú, ṣùgbọ́n ó dúró.

Mo jẹ́wọ́ pé mo ṣi Tẹ́ẹ́rẹ́ Òsì mú ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú orin kìn-ín-ní tí o kó sínú fóònù mi, ọ̀tún ni ọkùnrin tí ó ni orin náà ti ń kọrin, òsì kàn ń ta nǹkan kíún kíún bí ẹni tí kò kàwé wá. Mo wò ó fún ọjọ́ méjì, mo ní ọ̀lẹ ni, mo yí ojú rẹ̀ sí ògiri gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe fún irú wọn. Orin tí ó tẹ̀ lé e, òsì nìkan ni ó kọ gbogbo rẹ̀, ọ̀tún wá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́, ó ní ìyà tí ẹ fi jẹ aláìṣẹ̀ nìyẹn, Bàbá Tíṣà. Mo yí i padà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́wọ́ sípíkà. Ó ti pẹ́ tí ó yẹ kí n ti kọ́ bí wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀.

Fóònù náà tún ní ìwà kan. Tí orin bá ti ń lọ fún bíi wákàtí méjì, ó máa bi mí léèrè bóyá mo ṣì ń gbọ́. Mo dìde, mo dá a lóhùn pé mo ń gbọ́, ẹ ṣeun. Ó pa orin náà mọ́ mi létí. Àbúrò mi ní ojú rẹ̀ ni à ń tẹ̀, mo ní mo ti dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, ọmọlúàbí kò gbọdọ̀ nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti fọ́ọ̀mù tí ṣọ́ọ̀bù yín ní kí n fi ìràwọ̀ sí, o ní inú ọ̀gá rẹ kò dùn pé mi ò fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún. Sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò gba gbogbo máàkì lọ́wọ́ mi rí. Mẹ́ta ni mo fún àwọn sísanra, mẹ́rin fún àwọn tẹ́ẹ́rẹ́. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ èrò mi sí, mo kọ ọ́ pé òsì ń gbìyànjú. Kí ó lọ ṣiṣẹ́ sí i.

Ó dáa. Gbogbo ilé ni ó ti ẹ̀yìn àwọn sísanra. Káfíńtà ní béèsì wọn, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, gbọn fèrèsé òun, òòlù òun já bọ́ lára ògiri, pé ohùn nìyẹn. Àbúrò mi ní tí ènìyàn bá gba nǹkan, ó yẹ kí ó kún ojú. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi orin olóògbé ìyá rẹ sí i, èyí tí o gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ìyá rẹ ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó sì ń kọrin, tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ránṣẹ́ sí orí fóònù mi.

Lára àwọn sísanra, ohùn rẹ̀ jáde ní ribiti, ó dùn, bí ohùn obìnrin tí nǹkan kan kò bà lọ́kàn jẹ́ rí. Máṣíìnì rẹ̀ ń dún bí ọkọ̀ ojú irin. Àbúrò mi sunkún. Mo ti mú bírò láti kọ ipò kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni à ń bi gbogbo kíláàsì, ni mo bá so àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ fóònù.

Ìyá rẹ wọlé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ sísọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ti yọ abẹ́rẹ́ kúrò láàárín ètè kí ó tó parí ìlà kan. Mo gbọ́ ìwọ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò tí o fi ń gba orin náà, tí o ń rọra mí. Nígbà tí ó dé ẹsẹ kẹta, máṣíìnì ń sáré lọ tete, lẹ́ẹ̀kan náà ó ti dúró, ìyá rẹ sì ti wà níbòmíràn nínú orin náà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mo dá a padà. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ tí ó bá gba òdo máa ń fa ojú ewé náà ya nínú ìwé kí bàbá wọn má baà rí i, èmi sì máa ń mú wọn, nítorí ewé kejì tí ó so mọ́ ọn yóò máa já. Elétí-ọfẹ, o fa ojú ewé kan ya.

Mo mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Èmi ni. Mo pariwo láti inú yàrá pé kí ó pa ẹnu rẹ̀ dé, pé ilé hẹdimásítà kì í ṣe ilé ijó, pé ta ni ó tan án pé ó mọ orin kọ. Mo sọ ọ̀kan sí i tí mi ò ní kọ síbí, ìwọ náà sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo jáde, mo gba rédíò náà lọ́wọ́ rẹ, mo là á mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ ni ó ṣa kásẹ́ẹ̀tì náà tí ó fi pamọ́ sínú agolo bọ́tìnnì. Nígbà tí o dàgbà, mo ní ọmọbìnrin kì í tú rédíò, tíṣà ni o máa ṣe, o sì kó ẹrù rẹ lọ sí ìlú ńlá. Lẹ́tà mẹ́rin ni o kọ sí mi lọ́dún yẹn. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo àmì ohùn tí o fi sí ibi tí kò yẹ, mo dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, mi ò kọ ìlà kan tèmi sí i. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Mo rò pé ó ń ṣàìsàn ni.

Ìdí nìyí tí o fi fẹ́ kí n mú àwọn sísanra. Ìwọ tí etí jẹ́ iṣẹ́ rẹ, o mọ̀ pé béèsì wọn yóò bo ojú ibi tí o ti gé e. Àánú mi ṣe ọ́. O ṣeun, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Dá mi padà síbi tí mo wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin yìí lẹ́yìn mi, tí kò bá gbọ́ ariwo mi, yóò rò pé ó rẹ ìyá rẹ ni ohùn rẹ̀ fi lọ sílẹ̀. Kò rẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo bú u, kò sì dákẹ́. Ó tún orin náà bẹ̀rẹ̀. Èyí ni mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni gé kúrò.

Nítorí náà, kí awakọ̀ mú orin náà wá lódindi lọ́jọ́ Ẹtì. Kí o fi owó díẹ̀ lé e lọ́wọ́ fún oògùn orúnkún, owó dátà pẹ̀lú, nítorí orin ti jẹ èyí tí ó wà níbẹ̀ tán, àti ti káfíńtà tí ó ní ẹ̀rín tí òun rín kò sí lára owó iṣẹ́. Tí o bá rí àṣìṣe nínú lẹ́tà yìí, bírò pupa wà ní ìlú yín, fa ìlà sí i kí o dá a padà. Ó tọ́ sí mi.

Kí ọwọ́ rẹ má ṣe gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Kí àwọn tí o bí máa kọrin nínú ilé rẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kí o pẹ́ láyé jù mí lọ, kí etí rẹ sì mú títí dọjọ́ alẹ́.

Mo ti wá mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lójú fóònù náà. Tí ó bá bi mí bóyá mo ṣì ń gbọ́ nígbà tí orin ìyá rẹ bá ń lọ, màá tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.