Ìtàn Hélène Tí Bachirou Bá Mi Tẹ̀

                                        Plateau,
                                        Ṣábẹ̀.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1979.

Kọ́lápọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Àjàṣẹ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tiwa le, a dúpẹ́. Inú mi nìkan ni kò dùn, nítorí náà má tíì bá mi yọ̀ sí ìtàn tí o gbọ́ lórí rédíò.

Ọdún méjìlá ni mo ti ń kọ ìtàn kéékèèké ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò ní Kùtọnù, tí wọ́n ń dá a padà. Èyí kan ṣoṣo tí wọ́n wá gbà, kì í ṣe tèmi!

Ikú Hélène àbúrò mi ni mo kọ. Bí ibà ṣe dá a dùbúlẹ̀ ní Kaboua, bí a ṣe gbé e dé ibùdókọ̀ ojú irin tí ọkọ̀ ti lọ, tó sì kú sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ kí òmíràn tó dé. Ìwọ náà wà níbẹ̀. N kò fi irọ́ kankan kún un.

Mo gbé e fún Bachirou tó ń tẹ̀wé ní bírò ìjọba, torí wọn kì í ka ohun tí a fi ọwọ́ kọ. Ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ tán, ọkọ̀ ojú irin tó ń kó lẹ́tà ti ń fọn fèrè. Mo sáré fi ránṣẹ́ láì kà á. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kà á, gbogbo ilé pé sídìí rédíò. Ni ọkọ̀ inú ìtàn bá dúró dè wá! Hélène dé Parakou, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ yá! Ilẹ̀ mọ́, mo gba bírò lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lu Bachirou. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ Hélène. Ó ti kú lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?" Ó tún wá ń pòwe fún mi, pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ta ló rán an ní ti ọmọ?

Kùtọnù kọ̀wé sí mi, wọ́n pè mí ní kámáráàdì, bí ìjọba ṣe ń pe gbogbo ènìyàn báyìí. Wọ́n ní ìtàn náà fi hàn pé ìlú ń tẹ̀ síwájú, kí n kọ irú rẹ̀ sí i. Ìlú tí ọkọ̀ rẹ̀ kò dúró! Inú bí mi, mo kọ lẹ́tà pé ọ̀rọ̀ mi kọ́ nìyẹn. Bí mo ṣe ń jáde lọ fi í ránṣẹ́ ni ìyá mi pè mí. Láti ọdún mẹ́fà tí Hélène ti kú, ìyá mi kò dárúkọ rẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Nígbà tí ara rẹ̀ yá ní Parakou, kí ló wá ṣe?"

Mo ya lẹ́tà náà. Inú ṣì ń bí mi, Kọ́lápọ̀, ṣùgbọ́n mo ti jókòó, mo ń kọ ohun tó ṣe lẹ́yìn Parakou.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti Félix ọmọ rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ léèrè, jọ̀ọ́, ọkọ̀ náà dúró.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí,
Adégbọlá