Irin Mẹ́ta Lábẹ́ Ìkòkò Màámi

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta, 1988

Ojú irin Yaba tí à ń tún ṣe ti tún sún. Àwọn irin kéékèèké tó ń dì í mú lórí pákó, àwọn kan ti yọ púpọ̀ nínú wọn lọ. Mo bẹ Ọ̀gá pé kí rélùwéè má kọjá lọ́la. Ó ní, "Irin tuntun ò sí. Ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀."

Mo délé, mo bá mẹ́ta nínú irin ọ̀hún lábẹ́ ìkòkò Màámi, ó fi wọ́n ṣe ààrò! Mo fẹ́ fà á yọ, ó jó mi lọ́wọ́.

"Fi sílẹ̀, ẹ̀wà ò tíì jinná! Ilẹ̀ ni mo ti ṣà á."

Ọlọ́run ò. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ rélùwéè lọ Abẹ́òkúta lọ́la."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ìwọ lò ń tún un ṣe? Ọkàn mi balẹ̀."