Ìṣòro Tí Mo Borí

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àfojúsọ́nà. Ara mi le koko. Mo ń sùn dáadáa. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé ló máa ń jí mi. Irun iwájú orí mi tó ń re, ooru ló fà á.

Yunifásítì tí à ń dù yẹn ní ká kọ nípa ìṣòro tá a ti borí. Mo ronú títí, mi ò rí ọ̀kan. Ẹ ti kẹ́ mi jù. Mo bá ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", mo sì kọ ọ́ pé Ìyá Àgbà ti kú. Olùkọ́ wa kà á, ó sunkún. Ó ní òun á pè yín lọ́la láti bá yín kẹ́dùn.

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, wọ́n á pẹ́ fún wa. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n bá yín gbé fóònù lọ́la.