Òjò Tí Mo Fi Ṣíbí Bù

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí yàrá rẹ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí o ní afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ dáadáa. Ṣé ara le? Orí tó gbé ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí o ṣìṣe. Orúnkún bàbá rẹ tó wú ti ń rọlẹ̀, ewúrẹ́ onílà funfun sì ti bí méjì. Bàbá rẹ ní kí n bi ọ́, ilé ìwádìí yín tó ń ṣètò òfin àyíká fún gbogbo ayé yìí, ta ni yóò ka òfin náà fún atẹ́gùn? Ó ní ìdàgbàsókè tí ẹ ní kò gbọdọ̀ dúró yẹn náà, òun ò tíì rí ohun tó ń dàgbà tí kì í dúró, àfi èékánná.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an wúwo lọ́wọ́ mi. O rántí igò tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa láti fi wọn òjò. Wọ́n ní láago méje àárọ̀ kí n wo ìlà tí omi dé, kí n fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, kí n sì da omi náà nù. Kí n tó tẹ nọ́ńbà, mo máa ń kọ́kọ́ kí fóònù pé ẹ káàárọ̀, torí mi ò mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀gá rẹ. Nígbà tí òjò wá dá, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi òdo ránṣẹ́. Lọ́jọ́ keje, mo rántí ọjọ́ tí o gbé òdo wálé nínú ìṣirò, bí o ṣe dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí o ò lè jẹun. Mo ní òdo méje, ṣé wọn ò ní lé ọmọ mi níbi iṣẹ́ báyìí? Ni mo bá mú ṣíbí, mo bu omi díẹ̀ sínú igò. Mi ò bù ú pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di oṣù méjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, arábìnrin kan tó wọ dígí ojú wá láti ibi iṣẹ́ yín, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní nínú gbogbo abúlé àfonífojì yìí, tiwa nìkan ni òjò ò dá. Inú mi dùn, mo gbé àga tó dáa fún un. Àfi bó ṣe ní nítorí náà, ẹ̀rọ tó fẹ́ wá gbẹ́ kànga fún wa yóò kọjá sí abúlé ẹ̀yìn òkè. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kó gbéra. Kànga wa àtijọ́ ti di ẹrẹ̀. Lánàá, ìyá télọ̀ ṣubú lọ́nà odò pẹ̀lú korobá lórí, tòun ti ọgọ́rin ọdún. Ó bi mí pé kí la ṣe tí wọ́n fi fò wá. Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ yẹn wúwo ju omi inú igò lọ.

Mo ti jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ìwọ obìnrin yìí, ṣíbí kan lo fi bu odindi kànga dànù.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n tó mú ṣíbí, mo máa ń fi èédú kọ iye tó jẹ́ òótọ́ sára ògiri ilé ìdáná, kí èmi fúnra mi má baà gbàgbé. Òdo mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, àti òjò gidi ọjọ́ mẹ́ta. Akunlé tí bàbá rẹ pè dé láti kun ògiri náà, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ní kó lọ kun pálọ̀.

Má fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ lóṣù yìí. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ni mo ń bẹ̀, kí n wá sọ fún ọ̀gá rẹ pé èmi ni, kì í ṣe ìwọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ wá wo ògiri, sọ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, èédú kì í pẹ́ parẹ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìfẹ́ tí a ní sí ọ ṣàkóbá fún ọ. Wàá jẹun ọmọ pẹ́.

Láago méje àárọ̀ yìí, òdo ni. Mo fi í ránṣẹ́ bó ṣe rí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.